Mo Lọ Kọ́ Ìkọ́kọrẹ́ ní Ìpakodò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan tí ojú ń tì mí láti sọ. Ọmọ Ìkòròdú ni mí, ìkọ́kọrẹ́ wà lára oúnjẹ tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, síbẹ̀ títí ìyá mi fi kú, n kò mọ̀ ọ́n sè. Nígbà tí oṣù ààwẹ̀ dé, tí àwọn ọmọ mi ní oúnjẹ Ìyá Àgbà ni àwọn fẹ́ fi ṣínu, mo ra ewùrà, mo rin ín, mo dà á sínú omi ata tó ń hó, mo sì ń rò ó kíkankíkan bí ẹni ń ro ọkà. Ohun tí mo gbé ka iwájú wọn kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́, ẹ̀kọ pupa ni. Àbíkẹ́yìn mi tọ́ ọ wò, ó wò mí lójú, ó ní, "Màámi, ta ló tún kù tó mọ ti Ìyá Àgbà sè?"

Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé Ìpakodò, nílé àbúrò ìyá mi tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyá Ìpakodò.

Bí ẹ bá ń ti Èkó lọ, tí ẹ kò sì ní sùúrù fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú títì, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọn yóò fún yín ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ẹ wọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ óò gba abẹ́ Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990 kọjá, ẹ óò rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ẹ óò sì rí àwọn tí ń wa yanrìn pẹ̀lú ìgbòkun alábùlẹ̀ wọn. Kí wákàtí kan tó pé, ẹ ti gúnlẹ̀.

Ìpakodò ni ẹsẹ̀ Ìkòròdú nínú omi. Lónìí, ibùdó àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wà níbẹ̀, ọkọ̀ èrò sì ń lọ, ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ ilẹ̀ tó dáyé ni ọ̀nà yìí ti jẹ́ ọ̀nà oúnjẹ. Iṣu, ẹ̀fọ́ àti epo ń ti oko Rẹ́mọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó. Ẹja, iyọ̀ àti ẹrù òyìnbó ń ti Èkó gòkè wá. Nítorí irú ọ̀nà òwò bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe dó ti Ìkòròdú, tí Glover tí ń ṣe àkóso Èkó nígbà náà fi rán ọmọ ogun wá tú wọn ká ní ọdún 1865.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé orúkọ ìlú wa gan-an ti inú ọbẹ̀ wá. Ìtàn sọ pé àwọn tí wọ́n ti Ṣàgámù wá tẹ̀dó síbẹ̀ ló sọ ọ́ ní Oko Òdú, nítorí ẹ̀fọ́ òdú tó pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà sì wí pé òdú ni, kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Bí ẹ bá ń rí i tí a ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, tí a ń jẹ ẹ̀bìrìpò tí wọ́n fi kókò ṣe, ẹ má yà á lẹ́nu: oúnjẹ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkòròdú wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ààlà ìjọba yí padà, ìkòkò kò yí.

Mo bá Ìyá Ìpakodò lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n gbin òdú díẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ojú wọn ti ń di bàìbàì. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní, "Ìyá, mo wá kọ́ ìkọ́kọrẹ́ ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán lójú wọn. "Àṣàkẹ́, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni kò kọ́ ọ, àbí ìwọ ni kò dúró?"

N kò rí ìdáhùn. Èmi ni n kò dúró. Nígbàkígbà tí ìyá mi bá pè mí sí ìdí ààrò, ìwé ni mo ń kà, tàbí kí n ní èéfín ń ta mí lójú.

Mo mú ìwé àti bírò jáde. Mo béèrè pé, "Ife epo mélòó, Ìyá?" Wọ́n ní kí n gbé bírò sílẹ̀, kí n fọ ọwọ́.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ṣe é. A bó ewùrà, a fọ̀ ọ́, a rin ín lórí agolo tí wọ́n fi ìṣó dá ihò sí lára. Wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n gbé e sókè, wọ́n ní, "Èyí kì. Bí ó bá ṣàn bí omi, wọ́n gààrí díẹ̀ sí i." Wọ́n bu iyọ̀ sí i. Lórí iná, ata lílọ̀, àlùbọ́sà àti epo pupa ti ń hó, pẹ̀lú ẹja yíyan àti edé gbígbẹ. Wọ́n ní kí n má ka ife, kí n wo àwọ̀ omi ata, kí n sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tí ó hó dáadáa, wọ́n fi ọwọ́ bu ewùrà ní ìṣù kéékèèké sínú rẹ̀, wọ́n fa iná sẹ́yìn, wọ́n dé e.

Mo na ọwọ́ sí ìgbakọ. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ bí ọmọ ọdún méje. "Má rò ó! Jẹ́ kó jókòó." Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi wà! Ó di ìgbà tí ìṣù wọ̀nyí jinná kí wọ́n tó fi ìgbakọ yí i díẹ̀, kí ọbẹ̀ lè kì, kí kókó sì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Kókó yẹn ni ìkọ́kọrẹ́.

Bí a ti ń dúró, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun sọ ohun tó yà mí lẹ́nu. Ó ní àwọn ará Filipíìnì tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ní ewùrà tiwọn, tó pọ́n bí aró, tí wọ́n ń pè ní ube. Wọ́n á sè é, wọ́n á gún un, wọ́n á fi mílíìkì àti ṣúgà ro ó láìdáwọ́dúró títí yóò fi le. Nítòótọ́ ni, ẹ̀yin òǹkàwé: ẹ̀yà iṣu kan náà ni. Iṣu funfun ni ti ilẹ̀ wa. Ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni ewùrà ti wá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ata pàápàá, Amẹ́ríkà ló ti wá. Àlejò ni wọ́n, ọwọ́ àwọn ìyá wa ló sọ wọ́n di ọmọ ilé. Ìyá tibí ní má rò ó, ìyá tọ̀hún ní má dáwọ́ ríro dúró, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ dúró ti tirẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n.

A ṣe Bísímíláàhì, a fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́. Nígbà tí ó kan ọ̀fun mi, ìyá mi ni mo rí. Mo sọkún, Ìyá Ìpakodò kò sì sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn oúnjẹ wọ́n sọ fún mi pé ẹja ọ̀sà kò pọ̀ bíi ti àtijọ́. Àwọn apẹja ń ráhùn nípa yanrìn tí wọ́n ń wà nísàlẹ̀ omi, ọ̀pọ̀ ilé sì ń fi òkú-Èkó inú yìnyín se ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi òbòkún sè tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹja lè wọ́n, a óò ra èyí tí a bá rí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá lọ, ọjà wo ni a ti ń rà á?"

Ẹ̀yin òbí, ẹ pe ọmọ yín, l'ọ́kùnrin l'óbìnrin, sí ìdí ààrò. Ẹ̀yin ọmọ tí ìyá yín ṣì wà láàyè, ẹ gbé ìwé sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ dúró. Ní ti èmi, mo ti sè é fún àwọn ọmọ mi. Àbíkẹ́yìn mi wá kókó inú rẹ̀ títí, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ní ìgbà kejì, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ewùrà sí ìkòkò.