Láti Ìdí-Òro dé Àgídìǹgbì: Ẹ wá wo ọ̀nà fàájì tí Fẹlá là sílẹ̀

Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù ní Ọba Akran, n'Ìkẹjà, ẹ kì í mọ ẹni tó ń lọ yàtọ̀ sí ẹni tó ń bọ̀. Àwọn tó ti wà nídìí ẹ̀rọ látàárọ̀ ń jáde, àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ alẹ́ ń wọlé, àwọn oníbúrẹ́dì Agége ń sáré tẹ̀lé mọ́tò, kọ́ńdọ́ ń pariwo, "Ògbà! Pẹ́ń Sínímà! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Gbogbo wọn ló ti rẹ̀. Ta ni yóò gbà pé ìtòsí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn náà ni ilé orin tí ààrẹ ilẹ̀ Faransé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ̀ wà? Irọ́ kọ́ o, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbádùn ìrìn-àjò náà dénú kò gbọdọ̀ kánjú gba Shrine lọ ní òru. Kó mú ọjọ́ tí kò níṣẹ́, kó tètè jí, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti Ìdí-Òro, lójú ọ̀nà Agege Motor Road. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀.

ILÉ TÍ SÓJÀ JÓ

Ilé-ẹ̀kọ́ ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí. Àwọn ọmọ tó ń sáré káàkiri níbẹ̀ lè má mọ̀ pé Kàlákútà àkọ́kọ́, ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1977, àwọn sójà ya bo ilé náà, wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀ bí ẹni máa kú, wọ́n ju màmá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè, wọ́n sì dáná sun gbogbo rẹ̀. Ara ìyá náà kò padà bọ̀ sípò. Ó kú lọ́jọ́ 13, oṣù Kẹrin, ọdún 1978. Nígbà tí ìjọba ṣèwádìí tán, kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é! Ni Fẹlá bá fi ọ̀rọ̀ náà kọrin.

Kò jìnnà síbẹ̀, ní Papa Àjàó ní Mushin, ni ilé-iṣẹ́ Bruce Onobrakpeya wà, àgbà ayàwòrán tí wọ́n bí lọ́dún 1932. Ovuomaroro lorúkọ tó sọ ibẹ̀. Nínú èrò àti ariwo Mushin yìí ni bàbá náà ti ń fín àwòrán sára páànù, tó ń fi í tẹ bébà, iṣẹ́ tí òyìnbó ń du. Lọ́dún 2024, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian, ní Washington, l'Amẹ́ríkà, pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé wò. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò mọ ohun tó wà nínú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ yà níbẹ̀, kó ránṣẹ́ síwájú o, torí ilé àgbàlagbà kì í ṣe ọjà.

GBÉMISỌ́LÁ: PÁTÁ FẸLÁ WÀ NÍBẸ̀!

Láti Mushin, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line, kẹ́ ẹ sọ̀ n'Ìkẹjà. Ẹ béèrè òpópónà Gbémisọ́lá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Allen. Ilé keje nibẹ̀ ni Fẹlá ń gbé nígbà tó kú lọ́jọ́ kejì, oṣù Kẹjọ, ọdún 1997. Iwájú ilé náà ni wọ́n sin ín sí. Nínú oṣù Kẹwàá, ọdún 2012, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Bàbátúndé Fáṣọlá sì kówó sí i. Ẹ ò rí ayé! Ìjọba ológun jó ti Ìdí-Òro, ìjọba alágbádá wá ń tún ti Gbémisọ́lá ṣe.

Yàrá rẹ̀ wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, aṣọ tó fi ń ṣeré wà níbẹ̀, àní pátá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti kí Fẹlá nílé rí mọ̀ pé pátá nìkan ni ọkùnrin náà máa ń wọ̀ gbàlejò, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ni àlejò ọ̀hún.

Ẹ tún wo àwòrán páálí rẹ́kọ́ọ̀dù Fẹlá dáadáa. Lemi Ghariokwu ló ya mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí oníròyìn kan mú un lọ sọ́dọ̀ Fẹlá pẹ̀lú àwòrán Fẹlá tó yà. Inú Fẹlá dùn débi pé ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì ₦120 fún un, owó ńlá nígbà yẹn. Lemi ní òun ò gbà, òun fi ta á lọ́rẹ ni. Ni Fẹlá bá kọ ìwé pélébé kan lé e lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa jẹ́ kó wọlé wo eré òun lọ́fẹ̀ẹ́ nígbàkúùgbà. Lọ́dún 1974, Lemi ya páálí "Alagbon Close", níbi tí ẹ̀wọ̀n ti wó, tí Kàlákútà sì dúró gbọn-in. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n jó Kàlákútà.

ÀGÍDÌǸGBÌ LÁLẸ́

Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti ń tó, ẹ forí lé Àgídìǹgbì. Orúkọ yìí náà ni àwọn ará Èkó àtijọ́ fi ń pe ogun tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ja Èkó nínú oṣù Kejìlá, ọdún 1851, nítorí bí ìbọn àgbá ṣe ń dún. Ariwo ibí yìí dùn ju ìyẹn lọ. Àdúgbò ilé-iṣẹ́ ni. Cadbury ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1965. Dunlop tó wà ní Ọba Akran ní tiẹ̀ ti dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró láti ọdún 2008, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì ti ibẹ̀ padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Àmọ́ ilé orin ò kógbá sílé. Fẹ́mi Aníkúlápó-Kútì àti Yẹni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣí New Afrika Shrine lóṣù Kẹwàá, ọdún 2000. Gbọ̀ngàn gbàràmù ni, àga oníke, àwòrán Fẹlá àti tàwọn akọni aláwọ̀ dúdú lára ògiri, ọlọ́ṣùyà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà Shrine àtijọ́ ní òpópónà Pepple, bí ọmọ bá ní, "Mọ̀ọ́mì, Shrine ni mò ń lọ," ìyá á dìde dúró: "Kí lo fẹ́ lọ gbé wá níbẹ̀? Má kó mi sí wàhálà o!" Lónìí, tọkọtaya ń lọ. Lọ́jọ́ kẹta, oṣù Keje, ọdún 2018, Emmanuel Macron, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, lọ. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, torí ó ti mọ ibẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní ẹ́ńbásì wọn ní Nàìjíríà lọ́dún 2002.

Macron kọ́ ló yẹ kó jọ yín lójú jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, alẹ́ Sunday ni Fẹ́mi fi ń ṣeré tó ń gbowó, àmọ́ Ọjọ́bọ̀ ló fi ń ṣe ìfidánrawò lójú gbogbo èèyàn, lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí bàbá rẹ̀ kọ sínú ìwé pélébé fún Lemi nìkan, ọmọ sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Ẹni tó ń gbé ẹrù ní ilé-iṣẹ́ lè jókòó ti ọ̀gá báńkì, kí fèrè kan náà máa dún sí wọn létí. Tí Felabration bá tún dé, èyí tí Yẹni dá sílẹ̀ lọ́dún 1998, tí wọ́n máa ń ṣe nítòsí ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọjọ́ ìbí Fẹlá, èrò kì í gba gbọ̀ngàn náà.

Àwọn àgbà ní ká ṣiṣẹ́ bí ẹrú, ká lè jẹ bí ọba. Àwọn èèyàn Ọba Akran àti Agége mọ ti ẹrú yẹn dáadáa, wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ. Ti ọba ló ku, kò sì jìnnà sílé wọn. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣeré kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ tọ́jú owó ọkọ̀ àbọ̀ sápò ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì mú ìyàwó tàbí ọkọ yín dání. Bí mọ̀ọ́mì bá béèrè ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n tiẹ̀ lè ní àwọn náà ń bọ̀.