Níbo Ni Kí Ilé Ẹrù Wà?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, kí n tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ ti ń ta tòmátì ní ọjà Mile 12, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ máa ta oúnjẹ tútù lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ata, tòmátì, ẹ̀fọ́, ẹja. Èèyàn á fi fóònù sọ ohun tó fẹ́, àwa á gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ibi tí ilé ẹrù máa wà ni a kò tíì fẹnu kò lé lórí. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi ń wò, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò wọ́n tó ti àárín ìlú.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ni ẹ fẹ́ máa tà á fún?

ÀBÚRÒ: Àwọn tó ń gbé Lekki, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Gbàgádà. Àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tí wọn kì í ráyè wọ ọjà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ ó wá máa ru ẹ̀fọ́ láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìkẹjà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yìí? Owó tó bá dín lórí ilẹ̀, orí epo àti ẹ̀fọ́ tó rọ ni ẹ ó ti san án. Ẹ wá sí ẹ̀gbẹ́ Mile 12. Ibẹ̀ ni tirela ń já tòmátì Kánò àti Kàdúná sí.

ÀBÚRÒ: Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ ohun tí mo rí ní Lọ́ńdọ̀nù yí mi lérò padà. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà ni mo wà níbẹ̀. Ẹ wo Ocado, ilé iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, tí kò ní ìsọ̀ kankan tí èèyàn lè wọ̀. Hatfield, ní òkè Lọ́ńdọ̀nù, ni ilé ẹrù ńlá wọn àkọ́kọ́ wà kí wọ́n tó tì í ní 2023, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọjà jáde ní 2002. Ọkọ̀ kékeré kò lè máa ti ibẹ̀ sáré kárí ìlú. Nítorí náà, ọkọ̀ ńlá ló ń kó ẹrù tí wọ́n ti dì fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan lọ sí àwọn àgbàlá tó sún mọ́ ilé àwọn èèyàn, kí ọkọ̀ kékeré tó gbà á níbẹ̀. Ní 2019, wọ́n tún ṣí ilé kékeré kan sí Acton, nínú Lọ́ńdọ̀nù gan-an, fún ẹni tó fẹ́ kí ọjà òun dé láàárín wákàtí kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ilé ńlá lókèèrè, àgbàlá kékeré nítòsí. Kí ló ní kí ẹ̀yin náà má ṣe bẹ́ẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ilé ńlá kì í yéé jẹun, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ọjà kò bá kún inú rẹ̀, owó iná àti owó òṣìṣẹ́ á máa jẹ ẹni tó ni ín. Ohun tó pa Webvan nìyẹn, tí òun náà ń ta oúnjẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà. Ní 1999, wọ́n ní ilé ẹrù ràgàjì kan ní Oakland, ní California, wọ́n sì bá ilé iṣẹ́ ìkọ́lé Bechtel ṣe àdéhùn bílíọ̀nù kan dọ́là pé kó bá wọn kọ́ irú rẹ̀ sí àwọn ìlú ńlá mìíràn. Oníbàárà kò tíì kún ti àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ òmíràn. Nígbà tó fi máa di July 2001, wọ́n ti kógbá sílé.

Ẹ̀GBỌ́N: Nínú ọjà, èèyàn á kọ́kọ́ tẹ́ àpò sílẹ̀ tajà, á mọ iye apẹ̀rẹ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lóòjọ́, kó tó gba ìsọ̀.

ÀBÚRÒ: Nǹkan mìíràn wà. Iná jó ilé ẹrù Ocado ní Andover ní February 2019, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára iṣẹ́ wọn sì bá a lọ. Bó bá jẹ́ ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ní ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Níhìn-ín, omi ni kí o kọ́kọ́ bẹ̀rù. Mo ní kí ẹ wá sí ẹ̀gbẹ́ Mile 12, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibẹ̀. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, Odò Ògùn á kún, á ya wọ ilé àwọn ará Àjẹ́gúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Yàrá òtútù tí omi bá wọ̀, gbèsè ni.

ÀBÚRÒ: Kí ni kí a wá ṣe?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ má kó gbogbo oúnjẹ sójú kan. Tòmátì tó ti Kánò wá, ooru inú tirela ti bá a jà lọ́nà. Ohun tó kù tó máa pa á ni kó tún dúró nínú oòrùn. Lóru ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ ṣà á, kó dé yàrá òtútù yín kí ilẹ̀ tó mọ́. Àlùbọ́sà àti iṣu lè dúró níbi tó jìnnà, wọn kò ní kánjú. Ẹ̀fọ́ ní tirẹ̀, inú oko etí ìlú ni wọ́n ti ń já a. Kí ló fẹ́ wá wọ ilé ńlá kankan? Láti oko, kó gba ọ̀dọ̀ yín kọjá sílé oníbàárà lọ́jọ́ kan náà.

ÀBÚRÒ: Ilé kékeré méjì ni à bá gbà nígbà náà, ọ̀kan ní Gbàgádà, ọ̀kan ní apá Lekki, kó má di pé gbogbo ọjà ń dúró de afárá kan. Ní July 2020 tí wọ́n ti apá kan afárá Third Mainland fún àtúnṣe, wọ́n ní ojú àwọn awakọ̀ rí màbo.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aládùúgbò ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ yàrá òtútù á máa ké tọ̀sán tòru, àwọn alálùpùpù tó ń gbé ọjà á máa wọlé jáde.

ÀBÚRÒ: Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Tufnell Park, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ocado fẹ́ fi ibi ìpín ọjà sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Yerbury. Àwọn òbí yarí nítorí èéfín ọkọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Islington gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ti fún ibẹ̀ padà, ilé ẹjọ́ gíga sì gbe ìjọba ìbílẹ̀ náà lẹ́yìn ní 2021.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn òbí yẹn ṣe dáadáa. Má gba ilé kankan ní Gbàgádà láìjẹ́ pé o ti bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀, kí o sì béèrè ibi tí omi dé nígbà òjò èṣí. Má sì san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

ÀBÚRÒ: Bí onílé bá kọ̀ ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ wá ilé mìíràn. Yàrá kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ mi tó ṣófo. Ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa kọ àdúgbò tí ẹni tó ra ọjà ń gbé sílẹ̀. Tó bá di oṣù mẹ́ta, ìwé yẹn á sọ bóyá Gbàgádà ló kàn, tàbí Sùúrùlérè.

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Èló ni owó yàrá náà?

Ẹ̀GBỌ́N: Owó iná nìkan ni ẹ ó máa san.