Òkúta Ààlà

Nígbà ìsinmi ilé-ìwé, mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ sí Northumberland, níbi tí England ti bá Scotland pààlà. Oko ni gbogbo ibẹ̀: òkè Cheviot, koríko lọ súà, àgùntàn tí a rí ju èèyàn lọ.

Ọmọ mi ọkùnrin rò pé Odi Hadrian ni ààlà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ 122 ni àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n, kí England àti Scotland tó wà rárá. Apá tó pọ̀ jù ní Northumberland ló wà ní àríwá odi náà.

Ní Tarset, a wo ahoro ilé olókùúta kan, Black Middens. Ògiri rẹ̀ nípọn gan-an. Ẹran ní ìsàlẹ̀, èèyàn lókè, nítorí àwọn olè màlúù tó ń sọdá ààlà lóru. Ìdílé bíi Graham wà lápá méjèèjì, wọ́n sì ń jalè lápá méjèèjì. Ìgbà tí ọba kan ṣoṣo jẹ lórí ilẹ̀ méjèèjì ní 1603 ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn.

Ní Carter Bar, òkúta ńlá kan wà lẹ́bàá títì: England lójú kan, Scotland lójú kejì. Ọmọ mi obìnrin ń fò síhìn-ín, fò sọ́hùn-ún. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé àwa náà ní ààlà?"

Mo ní a ní. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí màmá mi sí. Kétu ni ẹ̀gbọ́n wọn lọ́kọ sí. Ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ní 1889 ló la ilẹ̀ Kétu sí méjì: Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe Ìyá Kétu. Ọmọ-ọmọ wọn kí ọmọ mi ní Faransé. Tèmi fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Kẹ́kẹ́ bá pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ìyá Kétu gba fóònù, wọ́n ní, "Ẹ fi Yorùbá kí ara yín jàre!"

Ọmọ mi ronú, ó ní, "Ẹ káalẹ́, mà."

Ọmọ tọ̀hún bú sẹ́rìn-ín: "Èmi kọ́ ni mà! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí!"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Leeds ni wọ́n bí èmi sí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi tọ́ wọn. Mo rò pé mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni.

Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè la máa ń pe Kétu. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Yorùbá nìkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi bi wọ́n bóyá àgùntàn wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní ó wà, ewúrẹ́ náà wà.