Àmì Ohùn Lórí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká

Ẹni tó bá fi bírò kọ orúkọ ìlú bíi Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn sínú ìwé kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi àmì sórí lẹ́tà àti sábẹ́ rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, ọ̀rọ̀ yí padà. Pátákó ìtẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí fún ẹ́ tàbí ọ̀. Ṣe ni kọ̀ǹpútà ń so àmì mọ́ lẹ́tà, ìdí nìyí tí àmì fi máa ń yẹ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì kan.

Ṣé kí ẹ̀rọ kúkú máa ka ìkọ̀wé ọwọ́? Newton, ẹ̀rọ alágbèéká tí Apple gbé jáde ní 1993 gbìyànjú rẹ̀, àṣìkà rẹ̀ sì di yẹ̀yẹ́. Ilé-iṣẹ́ Palm ní tirẹ̀ ní kí àwọn ènìyàn kọ́ bí wọn yóò ṣe máa kọ lẹ́tà lọ́nà tí ẹ̀rọ fẹ́. Ti Yorùbá tún le jù: ẹ̀rọ lè ka àmì abẹ́ lẹ́tà sí àmì ìdánudúró. Títẹ̀ ṣì sàn jù, bó tilẹ̀ ń falẹ̀. Lórí fóònù, áàpù ìtẹ̀wé Gboard ní pátákó Yorùbá.