Àdúrà ni mo gbà fún Bàbá, ẹkún ni wọ́n fi dá mi lóhùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtìjú ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún mi, àmọ́ òun náà ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì lónìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ lèmi náà nígbà yẹn, iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Bàbá kan tí wọ́n fẹ́ẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún láàárọ̀ ò rí oorun sùn. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ṣé n óò jí báyìí?"

Àánú wọn ṣe mí. Mo gbọ́wọ́ lé wọn lórí, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà kíkankíkan lórúkọ Jésù. Ìgbà tí mo máa lajú, omijé ló ń dà lójú Bàbá. Mo ṣebí Ẹ̀mí Mímọ́ ló bà lé wọn. Àṣé rárá o!

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Àmọ́ mùsùlùmí ni mí. Omi àlùwàlá ni mo fẹ́ kó o bá mi bù, o ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán."

Ara mi bù máṣọ. Mo sáré bu omi wá, mo fa kọ́tìnì yí bẹ́ẹ̀dì wọn ká. Bàbá ṣe àlùwàlá, wọ́n kírun lórí ìjókòó, wọ́n sì sùn fọnfọn.

Láàárọ̀, wọ́n gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ abẹ. Wọn ò jí mọ́. Tí mi ò bá bu omi yẹn ńkọ́?

Ohun tí mo fi ń sọ fáwọn ọmọ mi nìyẹn pé ká tó gbàdúrà, ká kọ́kọ́ béèrè. Lọ́dún 1996, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Christina Puchalski, ṣètò ìbéèrè kan sí ọ̀nà mẹ́rin: Kí lẹ gbà gbọ́ tó ń gbé yín ró? Báwo ló ṣe kan àìsàn yín? Àwọn wo lẹ jọ ń ṣe é? Kí lẹ fẹ́ ká ṣe sí i? Lẹ́yìn náà, kí nọ́ọ̀sì panu mọ́, kó gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, "Mà, tó bá ní Ifá lòun ń bọ ńkọ́? Ṣé kí n bá a pe babaláwo?" Mo ní, "Tó bá ní kó o bá òun pe pásítọ̀, ṣé o ò ní í pè é ni? Àgbo nìkan ni kó má mu láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i." Ẹlòmíì ò sì fẹ́ àdúrà kankan, ká ṣáà jókòó tì í ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ léèyàn lọ́sibítù, ẹ sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má dúró dìgbà tó máa bi yín.