Iná Tó Pẹ́ Dé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi ká lọ sí ẹsẹ̀ òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, ní ọdún 1983. Volkswagen ìjàpá tí bàbá mi rà ní 1968, oní-ẹ́ńjìnì 1500, ló gbé èmi àti ìyá mi. Kí a tó gun òkè dé ìdajì, gíà kìn-ín-ní ni mo wà, bọ́ọ̀sì sì ń fun fèrè kíkankíkan lẹ́yìn wa. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Ó ti di ọdún méjì tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Nínú ohun tí ó fi sílẹ̀, mọ́tò yìí nìkan ló ṣì ń dún nínú ilé wa.

Mo ti mọ ẹni tí n óò dá lẹ́bi. Mẹkáníìkì bàbá mi ti fọ kábúrétọ̀ ọkọ̀ náà ní oṣù tó ṣáájú. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì jágbe mọ́ ọn lójú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ pé ó ti ba ọkọ̀ wa jẹ́. Ohun tí ó sọ kò ju, "Ọmọ ọ̀gá, gbé e wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò." N kò gbé e lọ. Ẹlòmíràn tí mo gbé e lọ bá ní ríǹgì pístìnì ló ti jẹ, àfi kí á tú ẹ́ńjìnì palẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí gbọ́ iye owó rẹ̀, wọ́n ní kí á yáa tà á.

Ṣùgbọ́n bí ríǹgì bá ti jẹ, ọkọ̀ a máa mu ọ́ìlì, a sì máa rú èéfín búlúù. Tiwa kò ṣe èyí, kò ṣe ìyẹn. Gbígbóná ló ń gbóná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ṣí dísítíríbútọ̀. Ìwé ọkọ̀ ní kí kọ́ńtáàkì là tó 0.4 mm; èyí tí mo rí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ là rárá. Ara mi bù máṣọ. Èmi fúnra mi ni mo pààrọ̀ kọ́ńtáàkì náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ojú lásán ni mo fi wọ̀n ọ́n, n kò sì tún tàímìnì ṣe!

Nínú ẹ́ńjìnì yìí, iná púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ tàn ní dìgíírì 7.5 kí pístìnì tó dé òkè, nítorí pé epo kì í jó tán lójú ẹsẹ̀. Bí àlàfo kọ́ńtáàkì bá kéré, ó máa ń pẹ́ kí ó tó là, iná á sì pẹ́ dé nígbà tí pístìnì ti fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó wá bá wa ti mọ́tò nígbà tí mọ́tò ti ń yí lọ fúnra rẹ̀: ó ń làágùn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò kan nǹkan.

Mo wọn 0.4 mm. Mo so gílóòbù kékeré mọ́ ojú kọ́ìlì tí wáyà dísítíríbútọ̀ wà àti ara irin ọkọ̀, mo ṣí kọ́kọ́rọ́, mo sì fi sípánà yí púlì títí àmì rẹ̀ fi bá ìlà àárín ẹ́ńjìnì mu. Mo dẹ ìdè dísítíríbútọ̀, mo yí i sí òsì díẹ̀díẹ̀. Gílóòbù tàn. Mo dè é pa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gíà kẹta ni a fi gun Mọ́kọ́lá. Láti ibẹ̀ mo yà sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú àwọn ọmọọṣẹ́ kan náà, mo sì jẹ́wọ́. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì fún ìgbà díẹ̀.

"Bàbá rẹ náà ṣe é rí," ni ó wí. "Dìde, ọ́ìlì wà nílẹ̀ yẹn."