Ìka Kò Dọ́gba: Ohun Tí Iṣẹ́ Àṣetiléwá Ọmọ Mi Kọ́ Mi

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́jọ, gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi ní pálọ̀. Nínú gbólóhùn mẹ́wàá tí ó kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ rẹ̀ ti fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ méje. Ó kọ ọ́ pé, "My father is more taller than my uncle." Ó tún kọ ọ́ pé, "This house is big pass that house." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni yóò jẹ́.

Kí a tó dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kì í yí padà nígbà tí a bá ń fi nǹkan méjì wéra. "Ga" ni "ga" ń jẹ́ nígbà gbogbo. Bí Òjó bá ga tó sì rékọjá Adé, "jù" ni a ó mú wá: Òjó ga ju Adé lọ. Bí ó bá borí gbogbo wọn, "jù" yẹn náà ni: Òjó ló ga jù. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Ìrù ọ̀rọ̀ náà ló máa ń yí padà: "tall", "taller", "tallest". Àwọn ọ̀rọ̀ gígùn bíi "beautiful" ni ó ń wá "more" tàbí "most" ṣe olùrànlọ́wọ́. Nítorí náà, ọmọ tó ń ronú ní Yorùbá yóò wá "jù" tirẹ̀ kiri, yóò rí "more", yóò sì tún fi "taller" lé e kí ó má baà gbàgbé nǹkan kan. Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ìṣọ́ra rẹ̀ ló pọ̀ jù. Shakespeare pàápàá so "most" mọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ní "-est" tẹ́lẹ̀ nínú eré rẹ̀, Julius Caesar, nítorí pé láyé ìgbà náà, kò tíì di àṣìṣe.

Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mọ́kànlá, kí ó wá ràn wá lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n dúró ti ògiri, èmi náà sì dúró tì wọ́n. Àbúrò ni "tall", ẹ̀gbọ́n ni "taller", èmi ni "tallest". Ẹ̀rín pọ̀, ẹ̀kọ́ náà sì ti ń yé e. Ibẹ̀ ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Mo béèrè pé, "Who is cleverer?" Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sókè, ó ní, "I am cleverer than him." Mo pàtẹ́wọ́ fún un: "O gbà á!" Gírámà ni mo ń máàkì, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ni ọmọ mi gbọ́. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní oorun ń kun òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí ìwé náà láti wò ó bóyá ó parí iṣẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé: "I am the worst in this house." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Ó rántí "the", ó sì rántí pé "bad" kì í di "baddest". Gbólóhùn àfiwé àkọ́kọ́ tí ọmọ mi dá kọ tí ó sì pé pérépéré nìyẹn.

Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ pẹ́. Mo rántí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ nígbà tí a bá mú èsì ìdánwò wálé: "Ṣé orí méjì ni ẹni tó ṣe ipò kìíní ní ni?" Àwọn òbí wa kò fi ibi sọ ọ́, wọ́n rò pé yóò ta wá jí ni. Síbẹ̀, èmi tí mo ti di ìyá ọlọ́mọ méjì ṣì mọ orúkọ ọmọ tí wọ́n máa ń fi mí wé ní kíláàsì karùn-ún. Ohun tí ìdánwò náà dá lé lórí ni n kò rántí mọ́.

Nígbà tí ó ti ilé-ìwé dé, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Má bínú, ọkọ mi. Ìbéèrè tí mo béèrè lánàá kò dára."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí ilé ìdáná. Mo to ata mẹ́ta sínú àwo: tàtàṣé ni "hot", ṣọ̀ǹbọ̀ ni "hotter", rodo ni "the hottest". Ẹ̀gbọ́n fi ahọ́n kan rodo, ó sì sáré lọ mu omi. Kò sẹ́ni tó tún gbàgbé. Mo fi hàn wọ́n bí "t" ṣe di méjì nínú "hotter", gẹ́gẹ́ bí "g" ṣe ń di méjì nínú "bigger". A gbé iṣu mẹ́ta wò: "heavy", "heavier", "heaviest". Wọ́n rí i bí "y" ṣe fi ipò sílẹ̀ fún "i". "Good" àti "bad" kò tẹ̀lé òfin kankan, àkọ́sórí ni wọ́n: "good, better, best", "bad, worse, worst". Mo ní kí wọ́n fi ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀fọ́ tí mo sè lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n fi sí ipò "worst". Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó kan ènìyàn, mo ṣe òfin kan. A lè fi gíga àti ọjọ́ orí wéra. Ṣùgbọ́n ní ti ọgbọ́n àti ìwà, ara rẹ ti àná ni kí o fi wé ara rẹ ti òní. Ọmọ mi ronú díẹ̀, ó lọ mú ìwé rẹ̀ ti sáà tó kọjá wá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tuntun, ó sì kọ ọ́ pé, "My handwriting is neater than before." Òótọ́ ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òbí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àbúrò yín níwèé nílé, ata, iṣu, bàtà àti ìkòkò pọ̀ nínú ilé tí a lè fi kọ́ ọmọ ní àfiwé. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n ṣe é. Títí di òní, ọmọ mi ṣì máa ń sọ "more better" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń tún un ṣe fún un pẹ̀lú sùúrù, nítorí àṣìṣe yẹn rọrùn láti tún ṣe. Àwọn àgbà ní ìka kò dọ́gba. Wọn kò ní kí a máa ka èyí tó kúrú sí ìka burúkú.